São Tomé àti Príncipe: ta ni onílẹ̀ níbẹ̀, ta ni ń ṣe ìjọba, kí sì ni wọ́n ń jẹ?

Ìyá Àdùkẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà níbí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílé wa tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ọmọ mi ọkùnrin, tí ó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù àti ti mọ́tò ní Tákíẹ̀, sọ fún mi pé òun àti ọ̀rẹ́ òun kan fẹ́ kó ọjà lọ sí São Tomé àti Príncipe, orílẹ̀-èdè kékeré kan tí ó wà láàárín òkun, tí kò sì jìnnà púpọ̀ sí Nàìjíríà. Ó ní àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kò pọ̀, àti pé ẹni tí ó bá tètè débẹ̀ ni yóò jèrè.

Èmi kò kọ̀ fún un, nítorí pé òwò òkèèrè kì í ṣe nǹkan tuntun fún ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi wà lára àwọn tí ìjọba Gánà ní kí wọ́n kó ẹrù wọn jáde ní ọdún 1969. Tàmálè ni ó ti ń ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi sí, ó ní ilé, ó ní ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ ohun tí ó lè gbé lórí ni ó gbé wálé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ilẹ̀ àjèjì fún mi, kì í ṣe èrè ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè. Mo máa ń béèrè ẹni tí ó ni ilẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe ìjọba, àti ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò.

Ohun kan tún wà tí kò yé mi. Ọmọ mi ní kòkó ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àti pé ìgbà kan wà tí kò sí ilẹ̀ kankan láyé tí ó ń kó kòkó ránṣẹ́ sí òkè òkun tó wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò sì pọ̀, kí ló dé tí a kò gbọ́ rí pé wọ́n lówó? Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ibẹ̀ là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́ Àgbà (Ọ̀yọ́):

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì gbà pé ìbéèrè yín nípa onílẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè kòkó yẹn wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ilẹ̀ náà wà ná.

Erékùṣù ńlá méjì ni ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà. São Tomé nìkan fẹ̀ tó nǹkan bí 859 kìlómítà onígun mẹ́rin nínú 1,001 tí gbogbo rẹ̀ jẹ́. Príncipe, tí ó wà ní apá àríwá rẹ̀, tí nǹkan bí 150 kìlómítà òkun sì wà láàárín wọn, kò ju 142 lọ. Etíkun Gabon ni ó sún mọ́ São Tomé jù nínú gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì tó nǹkan bí 250 kìlómítà síbẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ni ó gbé àwọn erékùṣù wọ̀nyí jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Ìlà àwọn òkè kan náà tí Òkè Kamẹrúùnù wà nínú rẹ̀ ni ó gba abẹ́ òkun lọ sí Bioko, tí àwọn bàbá wa mọ̀ sí Fernando Pó, kí ó tó dé Príncipe àti São Tomé, tí ó sì parí sí Annobón. Ìlà agbedeméjì ayé gba orí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ilhéu das Rolas kọjá, ní gúúsù São Tomé gan-an.

Òkè tí ó ga jù níbẹ̀, Pico de São Tomé, ga tó 2,024 mítà, òun àti àwọn òkè tí ó yí i ká ni ó sì ń pín òjò fún ilẹ̀ náà. Ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, òjò a máa rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jálẹ̀ ọdún, igbó ibẹ̀ sì dí kìjikìji. Ní apá àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí olú-ìlú wà, òkè ti gba òjò sílẹ̀ kí ó tó débẹ̀, ilẹ̀ sì gbẹ díẹ̀. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n ń pè ní gravana. Ilẹ̀ tí òkè iná fi sílẹ̀ lọ́ràá púpọ̀, ìyẹn ni ó sì fà á tí àwọn òyìnbó fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ní ti ènìyàn, nígbà tí àwọn atukọ̀ Pọ́túgà gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470, wọn kò bá ẹnikẹ́ni. Kò sí ọba, kò sí abúlé, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé bàbá òun ni ó tẹ ibẹ̀ dó. Nítorí náà, Ìyá, gbogbo ará São Tomé pátá ni àtọ̀húnrìnwá, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kò sì ju pé kí a béèrè ìgbà tí wọ́n dé àti irú ipò tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n dé. Àwọn ọ̀daràn tí Pọ́túgà lé kúrò nílé wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé. Ní ọdún 1493, wọ́n kó àwọn ọmọ Júù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ òbí wọn lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń kó ẹrú wá láti Benin àti Kóńgò láti gbin ìrèké. Ní ọdún 1595, ẹrú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dáná sun àwọn ilé iṣẹ́ ṣúgà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba olú-ìlú kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí rẹ̀ títí di òní.

Àwọn ọmọ ẹrú tí ó gba òmìnira láyé àtijọ́ ni wọ́n ń pè ní Forro, àwọn ni ó pọ̀ jù. Àwọn Angolar, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ apẹja ní gúúsù, ni àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé ó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú tí ó sá wọ igbó. Nígbà tí oko ẹrú parí níbẹ̀ lábẹ́ òfin ní ọdún 1875, àwọn Forro kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní padà sí oko òyìnbó, ni wọ́n bá ń kó alágbàṣe wá láti Angola, Cape Verde àti Mozambique. Alágbàṣe ni wọ́n pè wọ́n o, ṣùgbọ́n ìwọ̀fà ilẹ̀ wa pàápàá sàn jù wọ́n lọ, nítorí pé ìwọ̀fà mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá san owó tán ni òun yóò lọ sílé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Angola tí ó fi ìka tẹ ìwé iṣẹ́ ọdún díẹ̀ kò fojú kan ilé mọ́ títí wọ́n fi kú. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí oko ni wọ́n ń pè ní Tonga.

Àwọn wọ̀nyí ni ó gbin kòkó tí ọmọ yín ń sọ. Àwọn oko ńlá náà, tí wọ́n ń pè ní roça, dà bí ìlú: wọ́n ní ojú irin tiwọn, ilé ìwòsàn tiwọn, ilé ìjọsìn tiwọn, àti ọgbà tí wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lálẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, erékùṣù kékeré yìí ni ó ń ta kòkó jù láyé. Nígbà tí ìròyìn ìyà àwọn òṣìṣẹ́ náà kàn dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn iléeṣẹ́ ṣokoléètì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Cadbury wà lára wọn, dáwọ́ rírà kòkó ibẹ̀ dúró ní ọdún 1909, wọ́n sì kọjú sí Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Ìyẹn ni pé ẹ̀kún àwọn ará São Tomé wà lára ohun tí ó gbé kòkó Gánà ga.

Ẹ wá rí i nísinsìnyí. Ẹni tí ó ni oko ń gbé Lisbon ní Pọ́túgà, owó kòkó sì ń lọ bá a níbẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1975, àwọn ará Pọ́túgà fẹ́rẹ̀ẹ́ kó lọ tán, wọ́n sì fi ilẹ̀ tí kò ní akọ̀wé tó, tí kò ní oníṣègùn tó, sílẹ̀. Ìjọba tuntun sọ àwọn oko di ti ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bí a ṣe ń darí wọn kò sí, àwọn tí ó sì mọ iṣẹ́ náà kórìíra oko náà, kòkó bá ń dínkù lọ́dọọdún. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń gé ilẹ̀ oko fún àwọn ìdílé. Kòkó àti epo pupa ni ó ń mú owó òkè òkun wọlé fún wọn jù lára irè oko, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba kòkó díẹ̀ ni wọ́n ń kó jáde sí èyí tí wọ́n ń kó láyé àtijọ́.

Ìyá Àdùkẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́):

Bàbá Olùkọ́, ẹ ṣeun gidigidi. Ọ̀rọ̀ àwọn alágbàṣe yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ìjọba ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé àwọn sójà ni, àbí ìdìbò ni wọ́n ń ṣe? Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ kò sì ha pọ̀ tó Ògbómọ̀ṣọ́ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣèlú (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Wọ́n lé díẹ̀ ní 200,000, èyí tí kò tó iye tí ìkànìyàn ọdún 2006 rí ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ pa pọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùkọ́ Àgbà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n fò tí ìjọba ibẹ̀ kò lè yé wa láìsọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1953, nígbà tí ìròyìn tàn kálẹ̀ pé gómìnà Pọ́túgà, Carlos Gorgulho, fẹ́ fi agbára mú àwọn Forro lọ sí oko kòkó, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Batepá, àwọn sójà àti àwọn olóko sì pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ìsinmi lọ́dọọdún. Inú ikú wọn ni ìjà òmìnira ti ṣẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó sì jà á, MLSTP, ni ó gba ìjọba ní ọjọ́ kejìlá oṣù keje ọdún 1975, tí Manuel Pinto da Costa di Ààrẹ àkọ́kọ́.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹgbẹ́ kan ṣoṣo fi ṣe ìjọba. Ní ọdún 1990, wọ́n dìbò fọwọ́ sí ìwé òfin tuntun tí ó fàyè gba ẹgbẹ́ púpọ̀. Nígbà tí ìdìbò dé ní ọdún 1991, MLSTP fìdí rẹmi, ó gbà, ó sì kúrò lórí àlééfà, Miguel Trovoada sì di Ààrẹ. Ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún wọn fún èyí, nítorí pé lọ́dún náà ológun ṣì ni ó ń ṣe ìjọba lórí wa níhìn-ín, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ti gbà láti lọ nítorí ìbò kò sì pọ̀ rárá.

Bí wọ́n ṣe pín agbára nìyí: ará ìlú ní ń dìbò yan Ààrẹ fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń yan ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin oníjókòó 55 fún ọdún mẹ́rin, inú ilé yẹn ni Olóòtú Ìjọba tí ó ń darí àwọn mínísítà sì ti ń rí agbára rẹ̀. Bí Ààrẹ àti Olóòtú Ìjọba kò bá gbọ́ra wọn yé, ìjọba a máa wó. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Carlos Vila Nova yọ Olóòtú Ìjọba Patrice Trovoada, ọmọ Miguel tí mo dárúkọ lókè, Américo Ramos sì bọ́ sípò náà. Ní ìlú tí gbogbo àwọn aṣáájú ti mọ ara wọn láti kékeré, ìjà òṣèlú kì í pẹ́ di ìjà ilé. Àṣà ríra ìbò náà wà níbẹ̀. «Banho» ni wọ́n ń pè é, kò sì yàtọ̀ sí «dìbò kóo sebẹ̀» tiwa.

Ní ti sójà, wọ́n gbìyànjú láti gbàjọba ní ọdún 1995, wọn kò sì pẹ́ tí wọ́n fi gbé e sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2003, wọ́n tún gbà á nígbà tí Ààrẹ Fradique de Menezes wà ní Nàìjíríà. Ìjíròrò láàárín ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n fi yanjú rẹ̀, Ààrẹ wa nígbà náà, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, sì bá a wọkọ̀ òfuurufú padà dé São Tomé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn kan kọlu bárékè àwọn ológun ní olú-ìlú, ènìyàn mẹ́rin sì kú, àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn tí ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn dun àwọn ará ìlú gan-an, nítorí pé ìjọba ibẹ̀ kì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òmìnira.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Libreville:

Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gabon ni mo ti ń ṣòwò, mo sì máa ń gba orí omi lọ sí São Tomé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ọjà ni èmi yóò sọ.

Lóòótọ́ ni ọmọ yín sọ pé àwọn oníṣòwò kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà náà kò pọ̀. Bí ènìyàn méjì bá kó irú ọjà kan náà dé lọ́sẹ̀ kan, owó rẹ̀ yóò já wálẹ̀ kíá, kò sì sí ìlú kejì tí a lè gbé e lọ tà. Owó wọn ni dobra. Láti ọdún 2010 ni wọ́n ti so ó mọ́ owó yúrò, ní ọdún 2018 ni wọ́n sì yọ òdo mẹ́ta kúrò lára rẹ̀, tí yúrò kan fi di dobra 24.5. Èyí dára, nítorí pé iye rẹ̀ kì í ṣàdédé wálẹ̀ bíi náírà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó ń gba dobra ní Libreville tàbí ní Èkó, nítorí náà ẹni tí ó tajà tán gbọ́dọ̀ wá yúrò kí ó tó lè lọ ra òmíràn, yúrò a sì máa wọ́n níbẹ̀ nígbà mìíràn.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kó wọlé: ìrẹsì, ìyẹ̀fun, símẹ́ǹtì, àti epo tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná. Bí ọkọ̀ epo bá pẹ́ dé, òkùnkùn dé nìyẹn. Owó ìrànwọ́ láti òkèèrè ni ìjọba fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ọ̀nà àti ilé tí ó ń kọ́. Síbẹ̀ ebi kì í pa wọ́n bí ẹ ṣe lè rò, nítorí pé ẹja, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbẹ̀rẹ̀fútù pọ̀, wọ́n sì ń se ọbẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ calulu, tí wọ́n fi epo pupa, ilá, ewé àti ẹja gbígbẹ sè, tí yóò dùn mọ́ ọmọ Yorùbá lẹ́nu dáadáa. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú wọn ló mọ̀wé, wọ́n sì níwà pẹ̀lẹ́.

Ohun kan tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n tí ó kàn wá, ni ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì. Ní ọdún 2001, Nàìjíríà àti São Tomé fọwọ́ sí àdéhùn lórí apá òkun tí àwọn méjèèjì ń du, pé kí Nàìjíríà kó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, kí São Tomé kó 40. Àbújá ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Gbogbo ayé ń sọ nígbà náà pé São Tomé yóò di olówó òjijì. Wọ́n gbẹ́ kànga ní ọdún 2006, ohun tí wọ́n rí kò sì tó èyí tí ó lè pa owó wọlé, títí di òní a kò tíì rí epo tà níbẹ̀. Mo dúpẹ́ pé wọn kò jẹ gbèsè ju bí wọ́n ti jẹ lọ nítorí ìrètí yẹn.

Ní ti ojú tí wọ́n fi ń wo àlejò, wọn kò kórìíra wa. Àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ṣì rántí pé erékùṣù wọn ni ọkọ̀ òfuurufú ti ń gbé oúnjẹ lóru lọ sí Uli ní Biafra nígbà ogun abẹ́lé wa. Ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín pé kì í ṣe ara ECOWAS ni wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn ará Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ni wọ́n wà, nítorí náà kò gbọdọ̀ lọ láìjẹ́ pé ìwé rẹ̀ pé. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ ní báǹkì, ní ibodè àti níwájú adájọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò máa san owó fún ẹni tí yóò bá a túmọ̀, ẹni yẹn ni yóò sì mọ gbogbo àṣírí òwò rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́ (Ògbómọ̀ṣọ́):

Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọmọ náà létí, ó sì béèrè pé bí São Tomé bá kéré fún ènìyàn méjì, ṣé kí òun dúró níbẹ̀, kí ọ̀rẹ́ òun sì lọ jókòó sí Príncipe?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Libreville:

Rárá o, Ìyá. Àwọn ará Príncipe kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn tí ó ń dá dúró láti ọdún 1995, ó sì jẹ́ pé ọjà tí ó bá kọ́kọ́ dé São Tomé ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ fún wọn. Igbó ni ó bo apá tí ó pọ̀ níbẹ̀, UNESCO sì ti fi gbogbo erékùṣù náà sábẹ́ ìpamọ́ láti ọdún 2012, nítorí náà àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ni wọ́n ń retí ju oníṣòwò lọ. Kí àwọn méjèèjì jọ lọ sí São Tomé lọ́wọ́ òfo ná, kí wọ́n lo oṣù kan, kí wọ́n wo irú alùpùpù tí àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ ń gùn, kí wọ́n sì mọ ẹni tí ó ti ń kó ẹ̀yà ara rẹ̀ wọlé kí wọ́n tó ra ohunkóhun ní Èkó.